Èèpo Kókó, Ìṣó Irin àti Lábù Tí Wọ́n Tì

Lákòókò ìkórè, òkìtì èèpo kókó lẹ máa bá nínú oko ní Ìpógun. Ìyá àgbà mi máa ń sun ún, eérú rẹ̀ ló fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìwúlò rẹ̀ parí sí. Àṣé àwọn olùwádìí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi omi èèpo kókó sọ iyọ̀ fàdákà di ègé fàdákà tí ojú lásán ò lè rí. Nanoparticle ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2016 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Wọ́n tún fi obì gbànja pa fàdákà àti wúrà pọ̀ di ègé kan ṣoṣo.

Apá ti iná ló wù mí jù, torí àwa la mọ bí òkùnkùn ṣe ń rí níbí. Àwọn onímọ̀ á kọ́kọ́ ṣe ègé tó rọrùn, bàbà àti imí ọjọ́. Wọ́n á wá pò ó mọ́ iyọ̀ síńkì: bàbà ń jáde, síńkì ń wọlé, imí ọjọ́ dúró síbi tó wà. Ayálégbé kan kó jáde, òmíràn kó wọlé, ilé ò wó. Tí wọ́n bá dá a dúró lágbedeméjì, apá kan á ṣì jẹ́ ti bàbà, ìkejì ti síńkì. Bí oòrùn bá wá jí electron dìde nínú irú ègé bẹ́ẹ̀, apá méjì náà lè yà á sọ́tọ̀ kó má tètè padà síbi tó ti wá. Ohun tí sólà ń fẹ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyẹn jìnnà sí ìṣó irin tí wọ́n fi sínú copper sulphate, tí bàbà wá bò ó lára? Mo ti kọ equation rẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin, mi ò tíì fojú ara mi rí ìṣó yẹn rí. Ó di ìgbà tí WAEC bá ku díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí lábù fún wa. Kò dáa bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa á ní owó ò sí, a sì pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Àmọ́ copper sulphate yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ kókó ń pò mọ́ láìmù, tí wọ́n fi ń fín kókó kó má baà rà dúdú. (Májèlé ni o, kí olùkọ́ wà níbẹ̀.) Ẹ fún wa ní píríọ́dù kan lọ́jọ́ Jímọ̀, kí SS 1 náà wá. Ẹni tó ń sá fún kẹ́místírì torí pé ó fìdí rẹmi, Moungi Bawendi gba 20 nínú 100 nínú ìdánwò kẹ́místírì àkọ́kọ́ tó ṣe ní Harvard. Irú ègé kéékèèké wọ̀nyí ló gba Nobel fún òun àtàwọn méjì mìíràn ní 2023.

Ìṣó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣáà sọ ọjọ́ tí n máa kó wọn wá.