Bí tọ́bò ọkọ̀ ọjà bá bàjẹ́, ẹ má tíì sáré lọ ra ẹ́ńjìnnì

Orí fóònù ni ọlọ́jà ti sábà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bọ́ọ̀sì tokunbo tó ń kó búrẹ́dì láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ń gun òkè lọ, ó ṣàdédé súfèé, agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀, èéfín búlúù sì bò ó lẹ́yìn. Dírẹ́bà bá pe ìyá oníbúrẹ́dì: "Màmá, ọkọ̀ ò fà mọ́ o, àmọ́ mo lè rọra máa wà á lọ." Ìyá náà ro ti àwọn oníbàárà tó ń dúró, ó ro ti búrẹ́dì tí kò ní í ṣeé tà bó bá di ọ̀tunla, ló bá ní kó rọra máa lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tọ́bò nìkan ló bàjẹ́. Kí ọkọ̀ náà tó rin kìlómítà mẹ́wàá sí i, ọ̀rọ̀ ti lè di ti pístìnnì àti kránkì.

Ọkọ̀ tó ní tọ́bò ti wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké báyìí. Sprinter, Transit àti LT tó ń lo dísẹ̀lì wà ńbẹ̀, Passat 1.8T tó ń lo bẹntiróòlù náà wà ńbẹ̀. Wọ́n lágbára láti rù, wọn kì í sì í fi epo ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó rà wọ́n ló ń tọ́jú wọn bí ìgbà tí èèyàn ń tọ́jú ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò rárá. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú tọ́bò. Abẹ̀bẹ̀ kejì tó wà lórí ọ̀pá kan náà á sì máa ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá yẹn máa ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan náà tí ọlọ́kọ̀ ní kí wọ́n máa fi kún nígbà tí kò fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, mẹkáníìkì tó bá ní, "Tọ́bò ti kú, ẹ mówó tọ́bò wá," ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Kí ló pa á? Bó bá jẹ́ ọ́ìlì tó ti dì bí ọ̀dà ló dí páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbẹ̀, tọ́bò tuntun tí wọ́n bá so mọ́ páìpù yẹn á kú ikú kan náà, kì í sì í pẹ́. Owó tọ́bò méjì ni ọlọ́jà máa ná lórí àìsàn kan. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tó ń dì yìí ló mú kí Volkswagen fi ìwé ránṣẹ́ ní ọdún 2004 sí àwọn tó ní Passat 1.8T tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1998 sí 2004, pé iléeṣẹ́ náà ti sún àkókò tí òun fi máa dúró fún ẹ́ńjìnnì wọn dé ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ jàǹfààní ẹ̀ ní láti fi rìsíìtì hàn pé òun ń pààrọ̀ ọ́ìlì bó ṣe yẹ. Ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tokunbo kò rí ìwé ẹ̀rí gbà, kò sì mọ bí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì tiẹ̀.

Owó àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọlọ́jà ná kì í ṣe owó tọ́bò, ká má tíì wá sọ ti ẹ́ńjìnnì. Owó àyẹ̀wò ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bínú sí owó yìí, wọ́n á ní kí ni mẹkáníìkì ṣe tó fi gbowó nígbà tí kò tíì tún nǹkan kan ṣe. Ìbínú yẹn wọ́n púpọ̀. Wọ́n á fa ọ́ìlì sílẹ̀ sínú abọ́ mímọ́, wọ́n á wò ó bóyá irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọnú ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ gasikẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló jó. Wọ́n á tú páìpù afẹ́fẹ́, wọ́n á fọwọ́ mi ọ̀pá tọ́bò wò, wọ́n á ka ewé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bóyá ó pé. Ewé tó já wà níbì kan, bí kò bá sì sí nínú páìpù, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi gééjì wọn agbára ìfúnpọ̀ ihò pístìnnì kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí wọn kò sì lọ sílẹ̀, inú ń dùn nìyẹn, nítorí ẹ́ńjìnnì ṣì wà láàyè. Bí ọ̀kan bá ṣubú jìnnà sí àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ ti kọjá tọ́bò.

Èéfín náà máa ń sọ̀rọ̀. Búlúù ni ọ́ìlì tó ń jó. Dúdú sábà máa ń jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ò tó, ó sì lè jẹ́ róbà tó ya lásán, èyí tí owó rẹ̀ ò ju owó páànù búrẹ́dì mélòó kan lọ. Àwọn kan ti ra tọ́bò nítorí róbà.

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà gan-an ni ìgbà tí ìdààmú bá ti mú un. Ká sọ pé ọkọ̀ náà ń mú èrè 15,000 náírà wọlé lójúmọ́. Bó bá dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọjọ́ iṣẹ́ 18, 270,000 náírà ti lọ, wọn ò sì tíì ra nǹkan kan. Ìṣirò yìí ló ń mú kí ọlọ́jà sáré kó owó ìyẹ̀fun àti ṣúgà lọ sí Ladipo tàbí Araromi ní Gate, kó lọ ra ẹ́ńjìnnì tokunbo tí wọ́n kó wálẹ̀ láti inú ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ìtàn rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí iye náírà máa lọ bí ọjà bá ṣe wí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹrù tokunbo tí wọ́n ń fi dọ́là rà kò tún sí fún àṣìṣe mọ́. Ó sàn kí ọlọ́jà háyà ọkọ̀ elòmíràn gbé ọjà fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì dín ibi tó ń lọ kù, ju kó ná owó tí ilé búrẹ́dì fi ń mí lọ. Ọkọ̀ ti dúró, kí ààrò má dúró tẹ̀lé e.

Bó bá di dandan kó ra ẹ́ńjìnnì, kó má sanwó kí wọ́n tó tan án níwájú mẹkáníìkì tirẹ̀, kí ọjọ́ tó lè dá a padà sì wà nínú ìwé. Bó bá jẹ́ tọ́bò nìkan ni, kí wọ́n fi páìpù ọ́ìlì tuntun sí i, kí wọ́n fọ intercooler dáadáa, nítorí ọ́ìlì àti irin tó kù nínú rẹ̀ ló máa ń ba tuntun jẹ́. Kí wọ́n sì bu ọ́ìlì sínú tọ́bò náà kí wọ́n tó tan ọkọ̀. Bí owó àtúnṣe bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí ọkọ̀ náà máa tà bó bá dára, kó tà á bó ṣe wà. Ó dunni, ṣùgbọ́n owó ni yóò wọlé.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń ní kí wọ́n yọ tọ́bò dànù, kí ọkọ̀ máa rìn láìsí i. Lára dísẹ̀lì àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, ó lè gbé ọkọ̀ òfìfo dé ilé, bí wọ́n bá dí ojú páìpù ọ́ìlì, tí wọ́n sì dín dísẹ̀lì kù. Kó máa ru ẹrù lójoojúmọ́ báyẹn kọ́. Èyí tó ní kọ̀ǹpútà kò tiẹ̀ ní í gbà fún wọn.

Ohun kan ló kù tí kì í ṣe ti mẹkáníìkì. Dírẹ́bà tó mọ̀ pé wọ́n máa yọ owó búrẹ́dì tí kò dé ọjà nínú owó oṣù òun kò ní í pa ọkọ̀ tó ń súfèé. Á rọra máa wà á lọ ni. Kí ọlọ́jà ti sọ fún un ṣáájú pé bí èéfín bá yí padà tàbí tí iná ọ́ìlì bá tàn, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, òun kò ní í yọ kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀. Kí nọ́ńbà ẹni tó ń fa ọkọ̀ sì wà nínú fóònù rẹ̀.