Kí Ọmọ Akánrán Tó Lọ Bádágírì, Kó Kọ́kọ́ Dé Kúdẹtì

Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá ti dé, àwọn ọ̀dọ́ Akánrán, Ẹrunmu, Lálúpọn àti Mọ́níyà á wọ aṣọ tuntun, wọ́n á há ara wọn mọ́ inú míkírà, ó di ọgbà Agodi n'Íbàdàn. Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ya fọ́tò létí omi, wọ́n á jẹ súyà. Ta ni yóò bá wọn wí? Omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 ba ọgbà yẹn jẹ́ kọjá sísọ. Ìgbà tí ìjọba sì tún un ṣe tán lọ́dún 2014, ó yẹ kí ará ìlú gbádùn rẹ̀.

Mélòó nínú wọn ló ti dé ilé Hinderer ní Kúdẹtì rí?

Ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ni David Hinderer. Ọdún 1851 ló kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Lọ́dún 1853, ó mú Anna ìyàwó rẹ̀ wá, wọ́n sì kọ́ ilé tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ n'Íbàdàn, lórí ilẹ̀ olókè Kúdẹtì, tí odò tó ń jẹ́ orúkọ àdúgbò náà kò sì jìnnà sí i. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn.

Ìyà jẹ wọ́n nínú ilé yẹn. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1860, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Èkó dí, owó àti ẹrù tí wọ́n ń retí kò dé mọ́. Wọ́n ń ta aṣọ àti ohun èlò ilé kí wọ́n lè rí owó ẹyọ bọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ọdún 1865 ni Kápútéènì Maxwell tó wá láti Èkó gba inú igbó wá gbé Anna, tí àìsàn ti hàn léèmọ̀, jáde. Nígbà tí tọkọtaya náà fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá lọ́dún 1869, Daniel Olúbi, ẹni tó ti bá wọn gbé bí ọmọ ọ̀dọ̀, ni iṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Anna kú lọ́dún 1870. Ìwé ìrántí rẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1872. Ẹni bá fẹ́ mọ bí ojú ilé àti ojú ọ̀nà Ìbàdàn ṣe rí láyé ìgbà náà, àfi kó lọ kà á.

Bádágírì kò ní ju ilé bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n parí tiwọn lọ́dún 1845, létí ọ̀sà, àwọn ọmọ iléèwé sì ń tinú bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láti wo kànga àti yàrá tí wọ́n ní Àjàyí Crowther lò. Ẹni tó ń mú àlejò kiri níbẹ̀ mọ ìtàn náà lórí bí ẹní mowó. Kí ló dé tí Ìbàdàn kò ṣe é?

Àwọn kan á ní ogún ìjọ ni Kúdẹtì, kì í ṣe ibi eré. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé jangirọ́fà síbẹ̀. Àmọ́ odò ńkọ́? Ọ̀rá àti pàǹtírí tí wọ́n ń dà sínú omi Kúdẹtì kì í ṣe ogún ìjọ. Ìjọba tó rówó tún Agodi ṣe lè kó ìdọ̀tí náà, kó gbin igi sétí omi, kí ẹni tó bá wá wo ilé rí ibi tó tutù jókòó.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí ọmọ iléèwé á máa san kò gbọdọ̀ wọ́n. Ẹni tí yóò sì máa mú wọn yí ilé náà ká, ọmọ Kúdẹtì ni kó jẹ́, àgbà ìjọ tó lè sọ ti Olúbi láìwo ìwé.