Ṣáàjì Kọ́ Ni Olè: Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ṣe Ń Sanwó Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

₦10.75, ₦26.88, ₦53.75. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo báǹkì orí fóònù tí iye wọ̀nyí ṣàjèjì sí. Òun ni báǹkì ń yọ nígbà tí a bá fi owó ránṣẹ́: ₦10 fún owó tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦25 fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ₦50,000, ₦50 fún èyí tó ju ₦50,000 lọ. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ló fi ìlànà náà lélẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2020. VAT tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ ₦25 di ₦26.88. Yàtọ̀ sí èyí, ₦50 ìjọba tún wà lórí owó tó bá tó ₦10,000 sókè.

A mọ àwọn iye yìí lórí, a sì ń bínú sí wọn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìbínú yẹn, nítorí owó tí òbí fi ránṣẹ́ kò tó ná tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ìbínú yìí ti jẹ́ kí a máa sá fún ohun tí kò lè pa wá, kí a sì máa sáré lọ bá èyí tó lè pa wá. Ṣáàjì kọ́ ni olè tó ń jà wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkáǹtì àdáni ẹni tí a kò mọ̀ rí ni ó yẹ kí a máa bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. O rí bàtà kan lórí ìkànnì oníṣòwò kan, ₦20,000 ni wọ́n kọ sí i lára. O fi orúkọ àti àdírẹ́sì họ́sítẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, o dé ibi tí wàá ti sanwó, o wá rí ₦20,400. Ibo ni ₦400 ti wá? Ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó ló ni ín. Paystack, fún àpẹẹrẹ, kọ iye tirẹ̀ sí gbangba: ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ₦100 bí owó náà bá tó ₦2,500, kò sì ní ju ₦2,000 lọ bó ti wù kí owó abẹ́lé náà pọ̀ tó. Lórí ₦20,000, ₦300 àti ₦100 nìyẹn. Oníṣòwò ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń tì í sí oníbàárà lọ́rùn.

Lẹ́yìn èyí ni ìránṣẹ́ máa ń wọlé lórí WhatsApp: “Bí ẹ ò bá fẹ́ san ṣáàjì, ẹ kàn fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi tààrà.” Ọ̀pọ̀ nínú wa á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò náà. Àwọn áàpù tó ń jẹ́ kí a fi owó ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sì wà lórí fóònù wa, nítorí náà ó dà bíi pé a jèrè ₦400 láìlàágùn.

Ohun tí a kì í béèrè ni pé kí ni ₦400 yẹn ń rà fún wa. Nígbà tí o bá sanwó ní ibi tí oníṣòwò ti forúkọ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó gba owó náà mọ ẹni tó ni ilé ìtajà, ó mọ àkáǹtì tí owó ń lọ, àkọsílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá jẹ́ káàdì lo fi san án, tí ọjà kò sì dé, o lè lọ bá báǹkì rẹ kí wọ́n bá ọ béèrè owó náà padà lọ́wọ́ báǹkì oníṣòwò. Bó bá jẹ́ pé wọ́n yọ owó lọ́wọ́ rẹ ṣùgbọ́n kò wọlé fún oníṣòwò, CBN ti pàṣẹ láti oṣù kẹfà ọdún 2020 pé kí báǹkì yanjú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 72, ìbáà ṣe orí POS ìbáà ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Owó tí o fi ọwọ́ ara rẹ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú báǹkì, ìwọ lo pàṣẹ, wọ́n sì ti jẹ́ ọ níṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a jọ wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì fi ₦45,000 ránṣẹ́ báyìí nítorí fóònù àlòkù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, oníṣòwò náà ti dí ojú WhatsApp rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó dé báǹkì ní ọjọ́ kejì, ohun tí wọ́n ní kó mú wá ni ìwé ọlọ́pàá àti àṣẹ ilé ẹjọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa gbé ẹjọ́ ₦45,000 lọ sí kóòtù ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò? Gààrí ló fi parí sáà ẹ̀kọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní káàdì gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ń wá. Òótọ́ ni. Nọ́ńbà iwájú káàdì, ọjọ́ tó máa kú, àti nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀ tó láti fi ná owó onílé lórí àwọn ìkànnì kan. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé káàdì nìkan ni kí a máa lò. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kí a mọ ọ̀nà tó yẹ fún ọjà tó wà níwájú wa ni mo ń wí.

Ọ̀nà kìíní ni kí ọjà dé kí a tó sanwó. Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ọ̀nà yìí ni wọ́n fi rí ọ̀pọ̀ oníbàárà fà mọ́ra, nítorí ọmọ Nàìjíríà fẹ́ fojú rí, kó fọwọ́ kàn án. Fún ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ àlejò, òun ló dára jù. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ẹni tó ń gbé ọjà wá ló ń ru ewu rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ní Port Harcourt, wọ́n pa òṣìṣẹ́ kan tó gbé fóònù lọ fún àwọn tó ní àwọn máa san nígbà tó bá dé. Bí oníṣòwò bá kọ ọ̀nà yìí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Ẹ lè ní kí ó pàdé yín níbi térò wà, lójú ọ̀sán, níwájú ilé ìkàwé tàbí ẹnu géètì.

Ọ̀nà kejì ni nọ́ńbà àkáǹtì tí ìkànnì ìsanwó fúnra rẹ̀ máa ń gbé jáde, tó máa ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe pè é ní ohun kan náà pẹ̀lú àkáǹtì àdáni. Owó ni ẹ fi ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó mọ oníṣòwò ló bọ́ sí, ẹ kò sì fi nọ́ńbà káàdì yín han ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìkànnì bá ní àyè yìí, òun ni mo máa ń yàn.

Ọ̀nà kẹta ni káàdì. Ẹ má fi káàdì àkáǹtì tí owó ilé ìwé wà nínú rẹ̀ rajà. Ẹ ní àkáǹtì kékeré kan, kí ẹ fi iye tí ẹ fẹ́ ná sínú rẹ̀ kí ẹ tó lọ sórí ìkànnì. Bí wọ́n bá béèrè bóyá kí wọ́n tọ́jú nọ́ńbà káàdì náà de ìgbà mìíràn, ẹ ní rárá. OTP kò sì yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́ yàrá: òṣìṣẹ́ báǹkì tòótọ́ kankan kò ní pè yín kó béèrè rẹ̀. Àwòrán àgádágodo tó wà lẹ́bàá àdírẹ́sì ìkànnì náà kò tó láti fọkàn tán. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò lè ka ohun tí ẹ tẹ̀. Kò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tó wà ní òpin ọ̀nà.

Ní ti ṣáàjì fúnra rẹ̀, àwọn oníṣòwò ni mo ní ẹjọ́ bá rò, títí kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta irun, bàtà àti òkìrìkà lórí WhatsApp. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, sọ ní abala 115 pé oníṣòwò kò gbọdọ̀ gba owó tó ju iye tó kọ sára ọjà lọ. Ìlànà CBN lórí ẹ̀rọ POS náà sọ pé kò gbọdọ̀ bu owó lé ọjà nítorí pé oníbàárà fẹ́ lo káàdì. Lójú tèmi, ₦400 tó máa ń yọjú ní ìgbẹ̀yìn kò bá ẹ̀mí òfin yìí mu. Bí ọjà bá máa di ₦20,400, ẹ kọ ₦20,400 sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí gbogbo iye náà níwájú kò ní wá ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí wọ́n ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, mọ̀ pé èyí ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2018, oníṣòwò níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gba àfikún lọ́wọ́ ènìyàn nítorí káàdì rẹ̀. Òfin wọn ti ọdún 1974 sì sọ pé bí ọjà tí a fi káàdì àwìn rà bá ju £100 lọ, tí kò ju £30,000 lọ, ilé iṣẹ́ tó ni káàdì náà yóò pín nínú ẹ̀bi bí oníṣòwò bá já oníbàárà kulẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀nà tí ènìyàn gbà sanwó jẹ́ ara ààbò rẹ̀. Ó yẹ kí àwa náà máa wò ó bẹ́ẹ̀.

A lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ rán aṣọ ẹgbẹ́, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì la máa ń kún, àkáǹtì àdáni akápò la sì máa ń sanwó sí. Olóòótọ́ ni ọ̀pọ̀ akápò, ṣùgbọ́n bí owó bá dàpọ̀ mọ́ owó oúnjẹ rẹ̀, òun gan-an kò ní rí ẹ̀rí fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn án. Kí àwọn ìgbìmọ̀ tuntun ṣí àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́, tí ẹni méjì yóò máa bu ọwọ́ lù.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ máa bínú sí ṣáàjì lọ, ẹ sì máa bá àwọn tó ń gbà á jà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì tó kẹ́yìn lórí ọjà yòówù, ẹ bi ara yín léèrè ohun kan: bí ọjà yìí kò bá dé, ta ni mo lè dì mú? Bí ẹ kò bá rí orúkọ ẹnikẹ́ni dárúkọ, ẹ fi owó yín sápò.