Bí Ọmọdé Kò Bá Dé Oko Baba Ẹlòmíràn

Àwọn baba wa, tí wọ́n fi oko dídá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n sì fi ọ̀nà oko ṣe ilé-ẹ̀kọ́, ni wọ́n pa á lówe pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò máa sọ pé kò sí oko ẹni tí ó tó ti baba òun. Òwe yìí kò wọ́n lẹ́nu àgbà; nígbà tí ọmọ bá ń fọ́nnu, tí ó ń fọwọ́ sọ̀yà, tí ó rò pé ibi tí ojú òun mọ ni ayé mọ, òun ni wọ́n máa ń fà yọ láti fi tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Ṣùgbọ́n mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn, mo sì rí i pé ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́. A rò pé ohun tí ó ń wí ni pé oko baba ẹlòmíràn tóbi ju ti baba ẹni lọ. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wí kò ju pé ẹni tí kò tí ì rí méjì kò lè fi ọ̀kan wé èkejì; ó dákẹ́ lórí èyí tí ó tóbi, nítorí pé ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn tí ọmọ náà bá dé ọ̀hún, tí ó ka ebè wọn, tí ó rí pèrègún ààlà wọn, yóò padà wá sọ pé lóòótọ́ ni ti baba òun ló tóbi jù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà. Ohun mìíràn sì wà tí òwe náà fi sábẹ́ ahọ́n: ó gbà pé ọmọ náà mọ oko baba tirẹ̀. Láyé àwọn tí ó pa á, ta ni kò mọ̀ ọ́n, nígbà tí ọmọ ọdún méje ti ń ru iṣu bọ̀ nílé? Láyé tiwa ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó ń lọ lo sáà ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì Amẹ́ríkà ni ó mú mi ronú dé ibẹ̀. Àwa Ìgbómìnà kì í ṣe ẹni tí ìrìn-àjò ń bà lẹ́rù. Ọmọ ogbó-mọ̀nà ni wá, àdá tí ó mọ ọ̀nà ni àwọn baba ńlá wa tẹ̀ lé títí wọ́n fi tẹ ibi tí a wà yìí dó, bí ìtàn wa ti wí. Òmù-Àrán, ìlú Olómù ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kì í sì í ṣe àjèjì sí ìwé. Ní àwọn ọdún 1930 ni òyìnbó kan tí ń jẹ́ J. D. Clarke ń tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, tí ó ń gbìyànjú láti fún ọmọ àgbẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tí ó bá ilé rẹ̀ mu, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀, ìwé tí a fi orúkọ Òmù ṣíwájú àkọlé rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1937. Láti 2011 sì ni Landmark University ti wà nílùú náà, èyí tí ìjọ Bíṣọ́ọ̀bù David Oyèdépò, ọmọ Òmù-Àrán, dá sílẹ̀, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe orí fún ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ wa bá ní òun fẹ́ lọ wo oko baba ẹlòmíràn, a kì í di í lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá mọ àáró ti mọ ètò tí à ń wí yìí. Mo bá ọ kọ ebè lónìí, o bá mi kọ ọ́ lọ́la. Owó kò ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, iṣẹ́ ni a fi san iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàárín yunifásítì méjì tí ó jọ tọwọ́ bọ̀wé: ọmọ tibí san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílé, ọmọ tọ̀hún san tirẹ̀ sí ọ̀hún, àwọn méjèèjì pààrọ̀ ìjókòó, máàkì tí olúkúlùkù bá sì gbà lájò ni wọn yóò kà mọ́ ti ilé fún un. Sáà kan kò gùn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ, àárín oṣù Kejìlá ni yóò parí, èyí tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní kì í pẹ́ kọjá oṣù Karùn-ún, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. N kò ní dúró lórí ọ̀rọ̀ ìwé DS-2019 tí a fi ń tọrọ físà pàṣípààrọ̀ J-1, àti ti owó adójútòfò ìlera, nítorí pé tipátipá ni ẹni tí ó bá fẹ́ lọ yóò fi mọ̀ wọ́n. Òfin kan ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, tí kò sí nínú ìwé àdéhùn yunifásítì kankan, ṣùgbọ́n tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀: ẹni tí kò ní oko kì í bá ẹgbẹ́ ṣe àáró. Bí ó bá kàn án, ibo ni wọn yóò wá bá a kọ?

Kí a má purọ́, oko ọ̀hún gbòòrò. Ọmọ yóò wọ ilé ìkàwé wọn, yóò lọ sídìí pẹpẹ ìwé fúnra rẹ̀, yóò mú èyí tí ó wù ú láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ yóò fi ìwé lé e lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí gbogbo iṣẹ́ sáà náà, ọjọ́ rẹ̀ àti máàkì rẹ̀, wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó sì máa ń dá ọmọ wa lágara jù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù tí gbogbo ènìyàn fi ń dẹ́rù bà á kí ó tó lọ, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ sísọ. Sísọ̀rọ̀ nínú kíláàsì ní máàkì tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ tí a tọ́ ní Òmù-Àrán, tí a ti kọ́ pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ kí ọmọdé gbé ojú sílẹ̀, yóò jókòó jẹ́jẹ́, yóò gbé ojú sílẹ̀ bí ọmọ gidi, olùkọ́ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò kàwé wá. Wọn yóò ní kí ó máa pe ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó tó bí i lọ́mọ ní orúkọ àbísọ rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ yóò kọ̀. Èmi kò rí ìdí tí yóò fi jọ̀wọ́ ọ̀kan nítorí èkejì: kí ó la ẹnu lọ́hùn-ún, kí ó sì dọ̀bálẹ̀ níbí. Ẹni tí inú ń bí mi sí ni ẹni tí ó lo oṣù mẹ́rin péré tí ó wá ń fi imú sọ Yorùbá sí ìyá tí ó bí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tí a bí tí a sì wò ní Òmù-Àrán, lọ lo irú sáà bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà kún àwọn tí ó gbà, nítorí ó rò pé fún ọmọ Áfíríkà bí tòun, máàkì ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni olùkọ́ wọn gbé àwòrán kan sára ògiri: ère òkúta, ẹnìkan tí ó jókòó lórí àpótí, irun orí rẹ̀ tí a dì ní ìpele-ìpele, ilà wẹ́wẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọwọ́ tí ó di àdá mú tí ó sì gbé e lé èjìká. Olùkọ́ ní Ẹ̀sìẹ́ ni ère náà wà, ó yíjú sí ọmọ wa, ó ní òun gbọ́ pé ìtòsí ibẹ̀ ni ilé rẹ̀, kí ó bá wọn sọ ohun tí ó mọ̀. Ọmọ náà, tí ó ti gba ìtòsí Ẹ̀sìẹ́ kọjá lọ sí Ìlọrin láìmọye ìgbà, kò rí ju "kò jìnnà sí wa" sọ. Alẹ́ ọjọ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀, òru lọ́dọ̀ mi, fóònù mi dún.

"Ẹ kúulé o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wọ ilé ère Ẹ̀sìẹ́ rí?"

"Èwo ni ti Ẹ̀sìẹ́ lóru? Ṣé kò séwu?"

"Kò séwu, sà. Òyìnbó ló ń júwe ilé wa fún mi lónìí, ojú sì tì mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bi àgbà léèrè."

Mo sọ èyí tí mo mọ̀ fún un. Mo ní àwọn ère náà lé ní 800, àti pé àwọn onímọ̀ kò tí ì fẹnu kò títí di òní lórí irú ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Mo ní ọdún 1933 ni H. G. Ramsay, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, kéde wọn fún ìjọba, ṣùgbọ́n kí Ramsay tó dé ni ará Ẹ̀sìẹ́ ti ń bọ wọ́n, tí wọ́n ń ṣọdún wọn lọ́dọọdún. Mo ní 1945 ni a ṣí ilé tí a kó wọn sí, òun sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Jos kò ní tirẹ̀ títí di 1952, Èkó títí di 1957. Mo wá sọ ìtàn tí àwọn àgbà máa ń sọ, pé àlejò ni àwọn ère wọ̀nyí nígbà kan rí, pé wọ́n wá kí Ẹlẹ́sìẹ́, ọba Ẹ̀sìẹ́, láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n fi di òkúta. Ìtàn yìí ni ó dùn mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jù nígbà tí ó padà sí kíláàsì. Ó sọ fún mi pé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní sáà náà, òun ni òun ń sọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù ń kọ sílẹ̀.

Àmọ́ ìwé tí a ní kí wọ́n kà lórí ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Ọmọ Amẹ́ríkà ni ó kọ ọ́. Phillips Stevens, tí ó di olùkọ́ ní yunifásítì Buffalo nígbẹ̀yìn, wà lọ́dọ̀ọ́ nígbà tí ó bá ẹgbẹ́ Peace Corps wá sí Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960. Ó dé Ẹ̀sìẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àwọn ère náà, ó ń wọ̀n wọ́n, ó ń yà wọ́n ní fọ́tò, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí orí rẹ̀ ti kán àti èyí tí ó pé, ìwé rẹ̀ lórí wọn sì jáde ní 1978. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti dorí kodò: ọmọ Amẹ́ríkà wá sí oko baba wa, ó fẹsẹ̀ rìn ín láti ààlà dé ààlà, ọmọ olóko wá ní láti dé Amẹ́ríkà kí ó tó mọ̀ pé oko ń bẹ. N kò bínú sí Stevens. Ó ṣe é, ó yẹ ẹ́. Ara wa ni mo ń bi léèrè.

Àwọn tí ó ti lọ ṣáájú kò rí bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn. Kì í ṣe Azikiwe, tí ó lọ ní 1925, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìkí rẹ̀ ni ó ṣí ojú ọ̀pọ̀ èwe sí Amẹ́ríkà. Babs Fáfúnwá ni mo ń rò. Ó lọ sí Bethune-Cookman ní Florida, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ní yunifásítì New York ní 1955, ẹ̀kọ́ òyìnbó tí ó jinlẹ̀ bí ìyẹn kò sì sọ ọ́ di ẹni tí ń kẹ́gàn ilé. Ní 1970, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí wọ́n sì yan olùkọ́ ọ̀tọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ti rí oko méjèèjì ni ó lè ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó rí ọ̀kan péré ìbá bẹ̀rù pé bóyá ti ẹlẹ́gbẹ́ òun ló dára jù.

Àwọn Amẹ́ríkà náà sì ń jẹ àáró tiwọn ní àjẹyanjú. Ní nǹkan bí 2010 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tí ń kọ́ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ń bá ìdílé gbé, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí ìyá onílé láàárọ̀. Wọ́n bi ìyá náà léèrè ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bi í rí.

Nísinsìnyí ọ̀nà Amẹ́ríkà ti há. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ó wà ní Amẹ́ríkà lé ní 20,000. Nígbà tí ó di oṣù Keje 2025, ìjọba ibẹ̀ sọ físà ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tí kì í kọjá oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá ọdún náà, ààrẹ wọn kéde pé láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026, wọ́n dá físà akẹ́kọ̀ọ́ àti ti pàṣípààrọ̀ dúró fún wa, àyàfi ìwọ̀nba àwọn tí a yọ sílẹ̀. Ó dùn mí, nítorí pé ọmọ tí ó ti ṣe wàhálà ìwé tán kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àáró tí ẹnìkan dá dúró lójijì kì í sì í pa oko ẹyọ kan péré lára.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dé ní tirẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì. Ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, àwọn tí ìrètí wọn já, wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀sìẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, ibẹ̀ kò sì béèrè físà. Mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ka ìwé Stevens, nítorí pé ìgbàkígbà tí ọ̀nà Amẹ́ríkà bá tún ṣí, ohun tí àwọn olùkọ́ ọ̀hún yóò kọ́kọ́ bi wọ́n nìyẹn.