Ìwọ̀ Kì í Pa Odò

Ẹni tó bá da oògùn apakòkòrò sódò kì í ṣe apẹja. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á bí àwọn kan nínú ní Òkè-Ògùn, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, títí kan Kòmu tiwa níbí. Ẹ jẹ́ kó bí wọn. Apẹja máa ń padà sódò lọ́la. Ẹni tó da oògùn sómi ti pinnu pé lẹ́yìn tòní, odò ẹlòmíì ló kù.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n fi ṣàlàyé. Nínú dátábéèsì, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ DELETE. Tẹ́ ẹ bá fi WHERE sí i, ohun tẹ́ ẹ tọ́ka sí nìkan ló máa lọ. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé WHERE, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa pa rẹ́. Ìwọ̀ ní WHERE: ẹja kan ṣoṣo, tó tóbi tó láti gbé ìdẹ mì. Àwọ̀n ní WHERE: ẹja tó bá kéré á gba ojú rẹ̀ jáde. Oògùn ò ní WHERE rárá. Ó ń pa àrọ̀, ó ń pa epìyà, ó ń pa ọmọ wọn, ó ń pa akàn àti kòkòrò omi tí ẹja tó bá kù ì bá jẹ. A sì lè dá dátábéèsì padà láti inú ẹ̀dà tá a tọ́jú. Odò ò ní ẹ̀dà.

Àwọn òyìnbó kan wà tí wọ́n ń fi iyẹ́ ẹyẹ àti òwú di ìwọ̀ kó lè jọ eṣinṣin, wọ́n á jù ú sójú odò tútù láti fi mú ẹja tí wọ́n ń pè ní trout. Wọ́n fẹ́ràn eré yìí débi pé wọ́n gbé ẹja náà wá sí Kenya ní 1905. Púpọ̀ nínú wọn á mú ẹja tán, wọ́n á yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á dá a padà sómi. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Èmi náà ò ní kí ẹni tébi ń pa dá ẹja padà. Trout ò tiẹ̀ lè gbé nínú omi wa tó gbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi odò ṣeré mọ̀ pé odò gbọ́dọ̀ wà lọ́la. Báwo ni àwa tí à ń jẹ nínú ẹ̀ ò ṣe ní í mọ̀?

Wọ́n á ní, "Àwọn bàbá wa náà ń da ewé sódò." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oró ewé yẹn, oòrùn àti omi máa ń bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Gammalin 20 tí wọ́n ṣe fún kòkòrò oko kòkó ńkọ́? Lindane ló wà nínú rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀, ó ń wọnú ọ̀rá ẹja, ó ń ti ibẹ̀ wọ ara ẹni tó jẹ ẹ́. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fẹnu kò pé kí wọ́n má lò ó lóko mọ́. Ní 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún WHO sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó ń fi ewé bàbá wa gbèjà oògùn yìí ń fi kùmọ̀ gbèjà bọ́ǹbù.

Wọ́n á tún ní, "Ebi ló fà á." Ebi ta ni? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò kéékèèké bá ti fà, tó ku adágún díẹ̀ síbí, díẹ̀ sọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni ẹja ń kóra jọ sí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń da oògùn sí. Ibẹ̀ ni màlúù ti ń mu. Ibẹ̀ ni ìyá tí kò ní kànga ti ń pọnmi. Ẹni kan kó ẹja kún apẹ̀rẹ̀, gbogbo abúlé ló san owó ẹ̀. Ẹja inú adágún yẹn ló sì máa yé ẹyin nígbà tí òjò bá dé. Àgbẹ̀ tó bá jẹ ebù iṣu rẹ̀, kí ló fẹ́ gbìn?

Omi wa ò sì dúró sọ́dọ̀ wa. Odò Ògùn bẹ̀rẹ̀ lápá Ṣakí, Ọ̀fìkì ń ṣàn sínú ẹ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó.

Òfin wà o. Òfin ẹja inú odò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 ka fífi májèlé pẹja léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò lẹ́sẹ̀ tó fi máa rìn dé etí odò wa. Àwa la máa rìn ín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹja, ẹ béèrè: "Ìyá, ìwọ̀ ni wọ́n fi mú u àbí oògùn?" Tí ìdáhùn ò bá ṣe tààrà, ẹ má rà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oògùn oko, ẹ má tà á fún ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò lóko. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ya fídíò ẹja tó léfòó, tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rín sí i, ẹ̀rí ọ̀ràn lẹ mú lọ́wọ́ yẹn. Ẹ gbé e lọ bá baálẹ̀.

Ìwọ̀ ò wọ́n. Ekòló, ilẹ̀ la ti ń wa á. Ẹni tí kò bá lè fara balẹ̀ jókòó ti ìwọ̀, kó lọ wá iṣẹ́ míì ṣe, kó fi odò wa sílẹ̀.