Àpótí Ayàwòrán

Àwọn àgbà ní, baálé ilé kú, ilé di ahoro. Nígbà tí ayàwòrán àtijọ́ bá fi ilẹ̀ ṣe aṣọ bora, àwọn ọmọ a pín ilẹ̀, wọn a pín ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n àpótí dígí àti fíìmù tí baba fi ń tẹ àwòrán, èyí tí à ń pè ní nẹ́gátíìfù, a di èrò ààtàn. Ẹni tí ó dà á nù kò mọ̀ pé ìwúyè ọba àti ìgbéyàwó àwọn ìyá wa ni òun dà nù.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìbíní. Olóyè Solomon Osagie Alonge, tí a bí ní 1911 tí ó sì kú ní 1994, ni ayàwòrán ààfin Ọba Akẹnzua Kejì. Nẹ́gátíìfù rẹ̀ kò parun: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington tọ́jú wọn, ó sì fi kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà wọn. A pàtẹ àwọn àwòrán náà níbẹ̀ ní 2014, a sì pàtẹ wọn ní Ìbíní ní 2017. A yin iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀ ó yẹ kí ó dùn wá pé òkè òkun ni dígí náà ń gbé.

Fíìmù kì í dúró de ọ̀lẹ. Ọ̀rinrin a máa hu olú sí i lára. Ooru a máa bà á jẹ́ títí yóò fi máa rùn bí ọtí kíkan. Nítorí náà ó yẹ kí a tètè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí a fi ẹ̀dà náà pamọ́ sí ibi méjì, kí a má sì ṣe sọ ògbólógbòó náà nù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè dárúkọ ẹni. Àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ ti rí àwòrán lára ògiri kíláàsì, tí kò sí ẹni tí ó mọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà tí ó lè sọ ọ́ ń lọ lójoojúmọ́.

Ní 1945 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, èkíní ní Nàìjíríà, nítorí àwọn ère òkúta. Bí a bá lè kọ́ ilé fún òkúta, a lè wá yàrá kan fún dígí. Ẹ̀yin olóyè, ẹ yọ̀ǹda yàrá náà. Ẹ̀yin ọmọ ayàwòrán, ẹ gbé àpótí baba yín wá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ wá dárúkọ wọn fún wa nígbà tí ojú yín ṣì ríran.