Ọkọ̀ Ọba Kì í Ṣe Páńtí Irin

Àlejò tó bá dé Adó-Àwáyè, òkè ló ń gùn lọ wo adágún Ìyàkẹ́. Bó bá dé Ọ̀yọ́, ààfin ni yóò yà sí. Mélòó nínú wọn ló ń béèrè irú mọ́tò tí ọba ń gbé lọ sóde láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì?

Ó yẹ kí wọ́n béèrè. Ẹṣin ni ọba ń gùn ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn tẹ́lẹ̀. Ní 1906 ni títì mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ là, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, bí mọ́tò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ẹṣin nìyẹn. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó gorí ìtẹ́ ní 1930, ti ṣòwò ọkọ̀ kó tó jọba. Mọ́tò wá di ara ohun tí a fi ń mọ̀ pé ọba ń bọ̀, bí agboòrùn àti kàkàkí. Ṣùgbọ́n kì í rí ìtọ́jú agboòrùn.

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Méjìdínlógún péré ni Phantom IV tí Rolls-Royce ṣe láàárín 1950 sí 1956. Èyí tó tẹ Elizabeth lọ́wọ́ ní 1950, kó tó di ọbabìnrin, ló gbé Meghan Markle lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀ ní Windsor ní oṣù Karùn-ún 2018. Ọdún méjìdínláàádọ́rin! Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ọkọ̀ náà kọ́, nítorí àkọsílẹ̀ wà.

Nítòsí wa, Mercedes-Benz tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976 wà ní mùsíọ́mù Oníkan l'Ékòó, tòun ti ihò ọta ìbọn lára. Cadillac Kwame Nkrumah wà níbi ìrántí rẹ̀ ní Accra. Olórí ìjọba ló ni méjèèjì. Ti ọba wa dà?

Bí a bá tiẹ̀ rí ọ̀kan, fọ́tò nìkan kò lè fi ìtàn rẹ̀ hàn. Nọ́ńbà iwájú ọkọ̀ ṣeé pààrọ̀. Ẹ́ńjìnnì pàápàá, mẹkáníìkì lè yọ ọ́ fi òmíràn sí i. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ṣáṣì ni kí a kọ́kọ́ wá, torí òun la fi ń tọpa ọdún tí ọkọ̀ jáde àti ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Káàdì àkọsílẹ̀ àwọn Rolls-Royce àtijọ́ ṣì wà ní ìpamọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn kún fún ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀. Kí a tún gbọ́ tẹnu bàbá tó wa ọba, àmọ́ kí a fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Ìtàn ààfin dùn lóòótọ́. Síbẹ̀, “Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ló fi ta ọba wa lọ́rẹ” kò gbọdọ̀ wọlé láìsí ẹ̀rí.

Àwọn kan á ní omi àti títì ló ká aráàlú lára, kì í ṣe mọ́tò tó ti dípẹtà. Wọn ò jẹ̀bi: owó ńlá ni àtúnṣe ọkọ̀ àtijọ́. Àkọsílẹ̀ ní tirẹ̀ kò ju owó ìwé kan àti báírò lọ. Kí àwọn ààfin Òkè-Ògùn, láti Adó-Àwáyè dé Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, wo ẹ̀yìnkùlé wọn. Bí ọkọ̀ àtijọ́ bá wà níbẹ̀, kí wọ́n da nọ́ńbà ṣáṣì rẹ̀ kọ, kí wọ́n sì fi fóònù gba ohùn awakọ̀ tó bá ṣì wà láyé, kí àwọn tó ń ra àlòkù irin tó kanlẹ̀kùn.